Òkìtì Oúnjẹ Tó Tutù Lábẹ́: Ìtàn Àgbàdo Tó Bu àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀



 Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bá mi wo inú àpò àgbàdo kan, kí a tó wọ inú ìtàn.

Ní ìgbà òjò ọdún tó kọjá, òbí ọmọ kéú wa kan gbé ààbọ̀ àpò àgbàdo wá bá mi níbí ní Ofosu, dípò owó oṣù ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè Ìdànrè, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Kí àkókò kòkó tó dé, oúnjẹ oko ló máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ju owó lọ. Mo gbà á pẹ̀lú ọ̀yàyà. Nígbà tí ìyàwó mi dà á sínú ọpọ́n, ti òkè gbẹ, ó ń dán. Ti ìsàlẹ̀ tutù, ó ń rùn, ohun kan bí ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé sì ti bò ó lára. Ó ti bu. Kí la ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe náà ni. A fọ̀ ọ́, a sá a sí oòrùn díẹ̀, a rẹ ẹ́, a lọ̀ ọ́, a fi ṣe ògì. Èmi àti àwọn ọmọ mi mu ún tán.

Mi ò bínú sí òbí náà, nítorí kò mọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn pàápàá kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ni mo sọ ọ́ fún lórí fóònù bí ẹni ń ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Aafa, ṣé ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí?"

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ìtàn náà rèé.

Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira gan-an, tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí kú ní oko àwọn ọlọ́sìn ní gúúsù àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin oṣù díẹ̀, tòlótòló kéékèèké tó kú ti ju 100,000 lọ. Ẹyẹ tó ń jẹun dáadáa ní àná kò ní jẹun mọ́, ìyẹ́ apá rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Bí wọ́n bá là á wò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá tó ti bàjẹ́. Àwọn dókítà ẹran rò pé àrùn tó ń ràn ni. Wọ́n wá kòkòrò tó fà á títí, wọn kò rí i. Nítorí pé wọn kò mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é, wọ́n ń pè é ní àrùn X ti tòlótòló. Kò pẹ́ tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ohun tó tú àṣírí náà ni pé àwọn oko tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jẹ oúnjẹ ẹran tó wá láti ibì kan náà ní London. Ẹ̀pà wà nínú oúnjẹ náà, èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jáde, tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀pà yẹn kúrò nínú oúnjẹ wọn, ikú dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá oró kan náà nínú ẹ̀pà tó ti Uganda wá, ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí. Ìgbà náà ló yé wọn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Bràsíìlì nìkan. Ibikíbi tí ooru bá ti mú, tí afẹ́fẹ́ sì tutù, tí irè oko kò sì gbẹ dáadáa, ó lè wà níbẹ̀.

Ohun tó ń hù sára ẹ̀pà náà ni wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus. Ìran olú ni, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀. Ìgbà tó bá ti pọ̀ jọ ni ojú wa máa ń rí i, bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Wọ́n mú A àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, wọ́n mú "fla" nínú orúkọ rẹ̀ kejì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe oró mọ́ ọn, ó di aflatoxin. Nínú òkùnkùn, bí wọ́n bá tan irú iná àrà ọ̀tọ̀ kan sí i, àwọn kan nínú oró náà á tàn bí àwọ̀ búlúù, àwọn kan á tàn bí àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n pè ní B1 ló burú jù lára wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, ọ̀rọ̀ adìẹ àti tòlótòló ni a ì bá pè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀pà olóró yìí bọ́ eku. Àwọn eku náà kò kú kíákíá bí tòlótòló. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rìn káàkiri. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, jẹjẹrẹ ti mú wọn ní ẹ̀dọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín, nítorí olùkọ́ èdè Lárúbáwá ni mí. Saraṭān ni Lárúbáwá ń pe jẹjẹrẹ, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe alákàn. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ló ti kọ́kọ́ fi orúkọ alákàn pè é, nítorí àwọn iṣan tó máa ń nà jáde láti ara kókó náà bí ẹsẹ̀ alákàn. Ibn Sīnā, tó kú ní ọdún 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀, al-Qānūn. Al-Zahrāwī, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Andalus, sọ tòótọ́tòótọ́ pé òun kò tíì wo èyí tó bá ti dàgbà sàn rí. (Mo fẹ́ràn onímọ̀ tó lè sọ bẹ́ẹ̀.) Àwọn oníṣègùn àtijọ́ wọ̀nyí gbà pé omi dúdú kan nínú ara ló ń fà á, wọ́n sì ní àwọn oúnjẹ kan máa ń mú omi náà pọ̀. Omi dúdú náà kò sí. Ṣùgbọ́n pé ohun tí à ń jẹ lè lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ, wọn kò ṣìnà níbẹ̀.

Báwo wá ni oró yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀dọ̀ ni ibi tí ara ti ń tún ohun tí a jẹ ṣe, tó sì ń gbìyànjú láti lé oró jáde. Nígbà tó bá ń gbìyànjú lórí aflatoxin, ó máa ń sọ ọ́ di ohun mìíràn tó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tí Ọlọ́hun fi sínú ara wa, èyí tó ń sọ fún ẹ̀yà ara pé dàgbà tó báyìí, dúró báyìí. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ tó yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ilẹ̀ Ṣáínà àti ti gúúsù Áfíríkà wò rí i pé ojú kan náà ló ti bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn, nínú apá àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní p53. Bí ẹ̀ṣọ́ ni p53 yìí rí. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yà ara tó ti ya aláìgbọràn máa pọ̀ sí i. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti sùn, ẹ mọ ohun tó kù.

Àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti kọ aflatoxin sínú ìpín kìn-ín-ní ní ọdún 1987, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn. Ọtí líle náà wà nínú ìpín yìí. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti oògùn pa mọ́ sínú agolo tàbí tí wọ́n ṣe ní sọ́séèjì wọ ibẹ̀ ní ọdún 2015, nítorí jẹjẹrẹ ìfun. Ọ̀rọ̀ ẹran lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Àwa tí à ń gbé etí igbó Ofosu, mélòó nínú wa ló ń jẹ sọ́séèjì lójoojúmọ́? Àgbàdo là ń jẹ.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1960 kan náà tí tòlótòló ń kú ni wọ́n ti ń ka àwọn oníjẹjẹrẹ ìlú náà sínú ìwé ní ilé ìwòsàn UCH. Edington àti Maclean tẹ iye tí wọ́n kà láàrin 1960 sí 1963 jáde ní ọdún 1965. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù láàrin ọkùnrin. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òyìnbó ló kó jẹjẹrẹ dé, tàbí pé àrùn ayé òde òní ni, ìwé Ìbàdàn kò gbè é lẹ́yìn.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí àwọn ẹ̀yà Yorùbá wà tí wọ́n ń jẹ ohun tí à ń jẹ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọmọ ọdún márùn-ún, ní abúlé 16. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2002. Wọ́n bá àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ni wọn kò ga tó ẹgbẹ́ wọn, tí wọn kò sì wúwo tó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, inú ògì àti ẹ̀kọ tí à ń fún ọmọ tí a fẹ́ já lẹ́nu ọmú ló ti ń wọlé. Mo tún àlàyé yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo rí i, mo sì rántí ògì tiwa.

Nígbà tó bá sì pọ̀ jù, kì í dúró de ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 2004, àwọn àgbẹ̀ kó àgbàdo tí kò gbẹ sínú ilé. Ènìyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa ni. Bí ikùn ọkùnrin kan bá wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó rù hangogo, tó sì kú láàrin oṣù díẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ níbi òkú. Wọ́n á ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni. Wọ́n á máa wo ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀. Mo ti jókòó níbi irú àdúà ọjọ́ kẹjọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí ìdílé tó tú ká lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí òkú kan kó ní àpò àgbàdo báyìí ló pa á, nítorí oró yìí máa ń gba ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lóòótọ́ ni ó jẹ nǹkan, tó jẹ́ pé inú ìkòkò tí gbogbo ilé jọ ń jẹ ló wà, tí kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Aflatoxin ní alábàáṣepọ̀ kan, òun ni àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B. Ó wọ́pọ̀ láàrin wa, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò sì mọ̀. Nínú ẹni tó ní in, agbára aflatoxin láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ti ẹni tí kò ní in. Nítorí náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Gáḿbíà, orílẹ̀-èdè kékeré tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ìkókó wọn ní ọdún 1986, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kù nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Nàìjíríà fi í kún abẹ́rẹ́ ọmọdé ní ọdún 2004. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogún ọdún dáadáa, àti èmi náà, kò gbà á ní kékeré. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, ẹ lọ ṣe é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí àpò tí òkè rẹ̀ gbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú aafa, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nínú hadiisi tí Abū Hurayrah gbà wá, tí Muslim kọ sílẹ̀, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó bi ẹni tó ń tà á léèrè. Onítọ̀hún ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi hadiisi yìí kọ́ àwọn ọmọ nípa òtítọ́ nínú òwò. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé oúnjẹ tó tutù nínú òkìtì náà lè ṣe ẹni tó bá rà á ní ibi ju owó tó sọnù lọ.

Àwọn tó wá lẹ́yìn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí ahọ́n. Wọ́n yan muḥtasib, alábòójútó ọjà. Al-Shayzarī, tó gbé ní ilẹ̀ Ṣáámù ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn, kọ odindi ìwé fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkà, ó ní wọn kò gbọdọ̀ da èyí tí kò dára pọ̀ mọ́ èyí tó dára, tàbí ti èṣí mọ́ ti ọdún yìí.

Ó wá yẹ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí ní Ofosu yìí. Ẹ wo bí a ṣe ń tọ́jú kòkó. A ń sá a, a ń yí i, bí òjò bá ṣú, gbogbo ilé á sáré jáde lọ bò ó. Nítorí kí ni? Nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á á gé e wò, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ irè oko wò náà á sì wò ó. Bí ó bá bu nínú, owó ti lọ nìyẹn. Àgbàdo wá ńkọ́? Etí títì márosẹ̀ tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí ìlú Bìní ni, lórí ilẹ̀ lásán, nígbà tí kòkó bá fi àyè sílẹ̀ lórí tapólì. Kòkó tí ẹlòmíràn máa jẹ ní ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ bu. Àgbàdo tí ọmọ wa máa jẹ, ó lè bu, a ó fọ̀ ọ́.

Fífọ̀ kò tó. Sísè kò tó. Iná tí à ń fi sebẹ̀ kò lè pa oró yìí tán, sísun àti dídín náà máa ń dín in kù díẹ̀ ni. Ẹ má sì ní kí ẹ gbé e fún adìẹ. Ẹ rántí tòlótòló. Ewúrẹ́ tàbí màálù tó bá jẹ ẹ́ lè fi sínú wàrà.

Ohun tó ń dín in kù gan-an kò gba owó púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gíní, níbi tí òjò pọ̀ bíi tiwa, wọ́n ṣe ìwádìí kan láàrin ènìyàn 600 ní abúlé 20, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2005. Ní abúlé 10, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti fi ọwọ́ ṣa ẹ̀pà tó bu tàbí tó bó lára kúrò, kí wọ́n sá a sórí ẹní dípò ilẹ̀, kí wọ́n kó o sínú àpò ìdọ̀họ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n sì gbé àpò náà lé orí pákó kó má fara kan ilẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, oró tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé 10 yìí kò tó ìdajì ti àwọn abúlé yòókù. Ẹní, pákó, àpò, ọwọ́ ènìyàn. 

Èyí tó wà fún àwọn tó ń gbin àgbàdo púpọ̀ ni Aflasafe, tí IITA ní Ìbàdàn ṣe, tí ìjọba fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2014. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi. Wọ́n wá irú Aspergillus flavus tí kì í ṣe oró ní ilẹ̀ wa níbí, wọ́n fi bo ọkà bàbà, wọ́n ní kí àgbẹ̀ fọ́n ọn sí oko kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò lóró á gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi ní ohun kan tí a lè fi mọ̀ bóyá àgbàdo gbẹ. Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, tó ní ìdérí. Ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ bu àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lé e, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì ṣeé kó sí àpò. Bí iyọ̀ bá já bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ti ń súnmọ́ gbígbẹ.

Ìgò náà wà lójú fèrèsé ilé kéú wa báyìí. Àwọn ọmọ máa ń jà lórí ẹni tó máa gbọ̀n ọ́n. Ní ọdún yìí, òbí kan náà tún gbé àgbàdo wá. Mo dà á sílẹ̀ lójú rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọ rẹ̀ mú ìgò wá. Iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Ojú kọ́kọ́ ti bàbá náà, ni mo bá sọ ìtàn tòlótòló fún un. Ó gbé àpò rẹ̀ padà sórí ọ̀kadà, ó ní òun ń lọ ká díẹ̀ kúrò nínú kòkó òun lórí tapólì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e padà wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ̀n ìgò náà.